Nọ́ńbà Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Ṣì Wà Lórí Pátákó

Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o ti fẹ́ràn ẹnìkan rí tí ẹni náà kò sì mọ̀? Ṣé o ti jókòó láàárín èrò rí, tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, tí ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ tí inú rẹ dà bí yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwọ ni mo kọ ìtàn yìí fún. Kò gùn. O lè kà á tán kí omi tó hó lórí iná.

Lorna Dykhuis ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìlú kékeré kan ní ìwọ̀ oòrùn Michigan ni wọ́n bí i sí, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti pọ̀ ju ilé epo lọ. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá. Àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà, nínú ilé kan tí aago ara ògiri ti máa ń sọ̀rọ̀ ju ènìyàn lọ.

Sọ́ńdè kan kì í kọjá kí Lorna má wà lórí àga kẹta lápá òsì. Ó mọ àwọn orin láìwo ìwé. Ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn di ojú, ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn là á. Ohun kan ṣoṣo ni kò mọ̀: kò mọ Ẹni tí wọ́n ń kọrin sí.

Ẹni tó mọ̀ ni Brent Zylstra.

Brent ló ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ga, irun rẹ̀ dà bí àlìkámà tó gbó, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ọkàn Lorna á yọ́ bí bọ́tà lórí búrẹ́dì gbígbóná. Ọdún mẹ́ta ló fi fẹ́ràn rẹ̀ láìsọ fún ẹ̀dá kan. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan nínú oṣù Kẹta, Brent dúró tì í níbi tí wọ́n ti ń bu kọfí lẹ́yìn ìsìn, ó ní kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́ ní àgọ́ àwọn ọmọdé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Gbólóhùn kan péré ni. Ohun kan náà ni Brent sọ fún ẹni mẹ́fà mìíràn kó tó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ Lorna gbé e lọ sílé bí ẹni gbé lẹ́tà ìfẹ́, ó sì ń kà á lọ́kàn rẹ̀ lálẹ́ alẹ́.

Àgọ́ náà wà létí adágún kan lókè àríwá, láàárín igi páìnì. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Láti ìlú Flint àti Saginaw ni wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ náà wá fún ọjọ́ mẹ́fà: ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń lo oògùn olóró, ọmọ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ òbí tó sì ń ti ilé alágbàtọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Olùtọ́jú kọ̀ọ̀kan ló ń bá ọmọ mẹ́jọ sùn nínú ilé pákó kan. Á bá wọn jẹun, á bá wọn gbàdúrà, á bá wọn wọ omi.

Fọ́ọ̀mù wà tó gbọ́dọ̀ kọ kí wọ́n tó gbà á. Wọ́n bi í nínú rẹ̀ pé ìgbà wo ló pàdé Jésù, àti pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀. Lorna jókòó ti ìbéèrè yẹn títí tíì rẹ̀ fi tutù. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ pé òun kúnlẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàtà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn páálí, pé òun sunkún títí, àlàáfíà kan sì rọra wọ inú òun bí oorun.

Ìtàn náà dùn. Òótọ́ sì ni. Àmọ́ kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó wá jí i lọ́wọ́ òkú, kó lè rí ojú ọkùnrin kan fún ọ̀sẹ̀ kan.

Má tíì bínú sí i, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ìgbàgbọ́ ìyá wa la wọ̀ sọ́rùn, tí a kò ní tiwa nílé.

Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè gbé àwọn ọmọ dé. Wọ́n tú jáde bí adìyẹ tí wọ́n ṣí ilé fún. Ẹni tó bọ́ sílẹ̀ gbẹ̀yìn ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ń jẹ́ Keyonna. Àwọn yòókù gbé báàgì. Òun ń wọ́ ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń da ilẹ̀ nù, inú rẹ̀ ni gbogbo aṣọ rẹ̀ wà. Ó wo Lorna láti ẹsẹ̀ dé orí.

“Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ tọ́jú mi?”

Lorna ní òun ni.

“Títí dìgbà wo?”

“Títí di Sátidé.”

Ọmọ náà mi orí bí àgbàlagbà tí wọ́n dá iye fún lọ́jà. “Ó dáa náà,” ó ní. “Sátidé ò jìnnà.”

Àtìgbà yẹn ló ti lẹ̀ mọ́ Lorna bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bí Lorna bá jókòó, ó jókòó. Bí Lorna bá lọ fọ ẹnu, Keyonna á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn máa ń wò ó, bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò tí kò fẹ́ kó jóná. Lorna kò gbàgbé pé Brent ló mú òun wá. Ọmọ náà wá ń sú u.

Bẹ́ẹ̀ ni Brent kò sún mọ́ ọn. Ó ń kí i bó ṣe ń kí gbogbo ènìyàn. Ó pè é ní “ọ̀gá mi” lẹ́ẹ̀kan, inú Lorna dùn títí ó fi gbọ́ tó pe ẹni tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tó ti sọ ìtàn ṣọ́ọ̀bù bàtà fún gbogbo àgọ́ tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un, ó dùbúlẹ̀ láàárín ọmọ mẹ́jọ tó ń sùn. Ó gbọ́ ẹyẹ adágún kan tó ń ké lórí omi, tí òmíràn kò dá a lóhùn. Ó rò ó pé bí òun bá kú báyìí, ta ni yóò mọ ohun tó wà nínú òun?

Ẹnìkan wà tó fura. Màmá Opal ni, opó kan láti Saginaw tó ti ń dáná ní àgọ́ yẹn láti ọdún mọ́kàndínlógún. Obìnrin náà tóbi, ó sì ń rẹ́rìn-ín láìla ẹnu. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó kan Lorna láti wá bá a bẹ ọ̀dùnkún.

“Ọmọ mi,” ni Màmá Opal wí, “o ti bẹ èyí títí ó fi kéré bí ẹ̀pà. Ṣé ẹni tí ò ń wò lójú fèrèsé yẹn ló máa jẹ ẹ́?”

Ojú Lorna pọ́n. Ó ní òun ò wo ẹnì kankan.

“Mo gbọ́. Mo ti fẹ́ ọkọ rí o, mo mọ bí ọrùn ṣe ń gùn.” Ó rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìtàn tó o sọ lálẹ́ àná, ó dáa. Àmọ́ o sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ẹlòmíràn.”

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Lorna.

“Jésù kì í bínú sí ẹni tó bá lóun ò mọ̀ Ọ́n,” ni Màmá Opal wí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọ̀dùnkún. “Ó kàn fẹ́ kéèyàn sọ ọ́ jáde ni.”

Lorna ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun parí iṣẹ́ òun. Ó jáde tìbínú-tìbínú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé kí ló kan alásè nínú ọ̀rọ̀ ọkàn òun. Ìwọ náà ti bínú bẹ́ẹ̀ rí, àbí? Ẹni tó bá fọwọ́ kan ojú egbò là ń gbá lọ́wọ́.

Ọjọ́rú wá dé.

Kí n tó sọ ọ́, jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń wọ omi lọ́dọ̀ wa ní àgọ́ náà, torí èmi náà wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Pátákó kan wà ní etí adágún tí wọ́n kan ìṣó sí káàkiri. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní igi róbótó kékeré tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Bó o bá ń wọ omi, wàá fi igi rẹ kọ́ ìṣó. Bó o bá jáde, wàá mú un kúrò. Ẹnì kankan kì í sì í dá wọ omi. Méjì-méjì ni, kálukú ní ẹnìkejì tó ń ṣọ́ ọ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹni tó ń ṣọ́ omi á fọn fèrè láti orí àga gíga rẹ̀, gbogbo ènìyàn á dúró jẹ́ẹ́, kálukú á di ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀ mú, wọ́n á nà á sókè, ọmọbìnrin kan tó dúró létí omi á sì kà wọ́n.

Bí igi kan bá ṣẹ́ kù lórí pátákó lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti jáde, òfin kan ṣoṣo ló wà: omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kì í ṣe igbó. Ẹni tó bá sọnù sínú igbó lè dúró díẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ omi kò lè dúró.

Lọ́jọ́rú yẹn, etí ń dun ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Lorna, nítorí náà wọ́n ku méje. Keyonna ló ṣẹ́ kù láìní ẹnìkejì. Lorna ní òun ló máa ṣe é. Inú ọmọ náà dùn débi pé ó fò sókè lẹ́ẹ̀kan. Ó wá rántí ara rẹ̀, ó dúró dáadáa, ó sì gbé igi rẹ̀ kọ́. Nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Brent ló wà lórí àga gíga. Lorna sì ti fọ irun rẹ̀ láàárọ̀, ó ti dì í lọ́nà tí kò fẹ́ kó tutù. Ó sọ fún Keyonna pé kó dúró níbi tí omi dé orúnkún, pé òun ń bọ̀. Ó lọ dúró sábẹ́ àga Brent.

Ó bi í léèrè ilé-ìwé tó ń lọ. Ó bi í léèrè ajá rẹ̀. Brent ń dá a lóhùn, àmọ́ ojú rẹ̀ wà lórí omi bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe gbà. Lorna kò rí ìyẹn. Ohùn rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, ó sì ti ń kọ́ ilé sórí rẹ̀: ilé funfun, ọmọ méjì, Brent tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Fèrè dún. Lorna na ọwọ́ tirẹ̀ sókè láti orí iyanrìn. Láti inú omi, Keyonna na tirẹ̀, òun nìkan. Ọmọbìnrin tó ń kà wọ́n rí ọwọ́ méjì, ó ka méjì. Lorna kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì. Lorna tún na ọwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ kankan kò dá a lóhùn láti inú omi. Àmọ́ ẹni tó ń kà wọ́n ti mọ́ ọn lára. Ó ka méjì.

Nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún, àwọn ọmọ sá jáde, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń pariwo pé ebi ń pa wọ́n. Igi kan ló kù lórí pátákó. Brent sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó bi Lorna pé ta ló ni mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

“Keyonna ni.”

“Ṣé o rí i pé ó jáde?”

Ọ̀rẹ́ mi, ìdáhùn kan wà tó jẹ́ òótọ́, kò sì gùn: mi ò wò ó. Ṣùgbọ́n ojú Brent wà lára rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín ọdún mẹ́ta tí ojú náà wà lára òun nìkan.

“Mo rí i,” ni Lorna wí. “Èmi ni mo nu ara ẹ̀. Ó gbàgbé igi ẹ̀ ni.”

Brent mí kanlẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni kò ṣe fọn fèrè gígùn tí wọ́n fi ń pe gbogbo àgọ́ wá wá inú omi. Ó ní kí Lorna lọ mú ọmọ náà wá láti ilé pákó kó wá mú igi rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn ìgbàlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

Lorna sáré lọ. Inú ilé pákó ṣófo. Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀, ohùn ara rẹ̀ ló padà bá a. Ó gba ojú ọ̀nà kékeré padà sí etí omi, ibẹ̀ ló ti rí i: sálúbàtà pupa kékeré méjì lórí iyanrìn, wọ́n tò ó dáadáa, aṣọ ìnura tó gbẹ wà lórí rẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó fi í nu ara.

Ó dúró láàárín àwọn igi. Níwájú rẹ̀ ni adágún, ó dákẹ́, ó ń dán. Ohùn méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan ní bó o bá sọ, ó tán. Brent á mọ irú ẹni tó o jẹ́. Gbogbo wọn á mọ̀. Dákẹ́, bóyá ó wà ní ibì kan. Ohùn kejì kò sọ púpọ̀. Ó kàn ń bi í léèrè pé ìṣẹ́jú mélòó ló ti lọ.

N kò mọ ìgbà tí ènìyàn dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Orin kò sí níbẹ̀. Ìtàn tó jí gbé kò lè ràn án lọ́wọ́. Òun àti irọ́ rẹ̀ nìkan ni.

Ó sáré. Ó dúró níwájú Brent.

“Irọ́ ni mo pa. Mi ò rí i pé ó jáde. Mi ò bá a wọ omi rárá.”

Mi ò fẹ́ ṣàpèjúwe ojú Brent. Ó gbé fèrè sẹ́nu, ó sì fọn ọ́n, gígùn, gígùn, títí gbogbo àgọ́ fi dákẹ́.

Wọ́n jáde láti ibi gbogbo. Ọ̀gá àgọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ruiter, sáré wọ inú omi pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Màmá Opal wá pẹ̀lú aṣọ ìdáná lára, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olùtọ́jú kan kó gbogbo ọmọ lọ sórí koríko òkè, ó ní kí wọ́n máa kọrin, kí wọ́n má wẹ̀yìn. Àwọn àgbàlagbà bí ogún di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n tò láti ibi tí omi ti dé orúnkún títí dé ibi tó ti dé àyà, wọ́n wá ń rìn lẹ́ẹ̀kan náà, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ kan, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá inú ẹrẹ̀.

Láti òkè ni ohùn àwọn ọmọ ti ń bọ̀, wọ́n ń kọ orin ayọ̀ tó ní àtẹ́wọ́ nínú.

Màmá Opal ló di ọwọ́ ọ̀tún Lorna mú. Òkúta ni ẹsẹ̀ Lorna ń tẹ̀, koríko omi, igi tó ti rà. Gbogbo ohun tó bá rọ̀ ló dà bí apá ọmọ. Irun tó dì láàárọ̀ ti tú sínú omi, kò mọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ láìlanu. Kò rántí àdúrà kankan nínú gbogbo èyí tó mọ̀. Ohun tó ń sọ ni pé, má jẹ́ kó kú, èmi ni mo jẹ̀bi, má jẹ́ kó kú.

Wọ́n rìn títí dé okùn tí wọ́n fi pààlà ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Wọ́n yí padà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà kejì tí wọ́n dé àárín ni orin dákẹ́ lórí koríko. Lorna gbójú sókè. Bàbá àgbà tó wa bọ́ọ̀sì, tó ń dúró ní àgọ́ títí di Sátidé, ń bọ̀ láti òkè, ó gbé nǹkan kan tó fi jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wé. Ẹsẹ̀ kékeré méjì ń jù fìrìfìrì nísàlẹ̀ rẹ̀.

Inú bọ́ọ̀sì ló ti rí i, nígbà tó lọ mú okùn wá fún àwọn tó ń wá inú omi. Keyonna jókòó sórí àga kan náà tó jókòó sí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tútù lára, ó ń gbọ̀n. Bàbá náà ló sọ ohun tí ọmọ náà wí fún wa lẹ́yìn náà. Ọmọ náà ní òun na ọwọ́ òun, Mísì Lorna kò wo òun. Ó ní nígbà tí wọn ò bá ti wo òun mọ́ nílé kan, wọ́n á dá òun padà lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Òun wá lọ dúró nínú ọkọ̀ ní tòun, kí òun má baà kó wàhálà bá wọn.

Bàbá náà gbé e dé etí omi. Keyonna wo àwọn ènìyàn tó dúró nínú adágún, ọwọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú bàtà àti aṣọ lára.

“Kí ni wọ́n ń wá?”

“Ìwọ ni,” ni bàbá náà wí.

Ọmọ náà tún wò wọ́n. Ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kà wọ́n.

“Gbogbo wọn?”

Lorna jáde nínú omi, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ní kó dárí ji òun. Keyonna kò dì mọ́ ọn. Ó kàn bi í léèrè bóyá wọ́n máa dá òun padà. Nígbà tí Lorna ní rárá, ó ní ó dáa, pé òtútù ń mú òun.

Ọ̀gbẹ́ni Ruiter kò pariwo mọ́ Lorna. Ó pè é sí ẹ̀gbẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kò ṣeé fojú kéré, pé kò tún lè ṣọ́ ọmọ kankan ní àgọ́ yẹn. Ọkọ̀ máa lọ sígboro ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Bó bá fẹ́, ó lè bá a lọ. Bó bá sì fẹ́, ilé ìdáná ń wá ẹni tó máa fọ abọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo ènìyàn wà nídìí oúnjẹ, Lorna kó aṣọ rẹ̀ kúrò nínú ilé pákó. Ẹlòmíràn ti tẹ́ ibùsùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ìdáná, báàgì láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbọ́ ṣíbí, ó ń gbọ́ ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó ń ṣépè fún un, kò sì sẹ́ni tó ń pè é.

Màmá Opal jáde pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ kan. Ó jókòó tì í, àtẹ̀gùn náà dún.

“Ìtàn ṣọ́ọ̀bù bàtà yẹn,” ni Lorna wí, “ti màmá mi ni.”

“Mo mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín.”

“Mi ò ní tèmi, Mà. Mi ò tíì ní in rí.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni kó o sọ ọ́ fún.”

Ó fọwọ́ gbá a léjìká, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Kò dúró kó kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ.

Lorna di ojú. Ó sọ ọ́ jáde. Ó ní Olúwa, màmá mi mọ̀ Ọ́, èmi ò mọ̀ Ọ́. Ó ní mo lo orúkọ Rẹ láti fi wá ọkọ. Ó ní mo lè jẹ́ kí ọmọ kan kú nítorí ìtìjú. Ó sọ àwọn èyí tí kò tíì sọ fún ara rẹ̀ rí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí kò fi sí mọ́. Ó wá ní bí O bá lè gba irú mi, gbà mí, nítorí ẹ̀jẹ̀ Jésù, mi ò ní ohun mìíràn láti mú wá.

Mo fẹ́ sọ fún ọ pé ìmọ́lẹ̀ tàn. Kò tàn. Àlàáfíà kò wọ inú rẹ̀ bí oorun gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìtàn ìyá rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbàdúrà tó sì mọ̀ pé kì í ṣe ògiri lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnìkan ń gbọ́. Ó jẹ ọbẹ̀ náà. Ó ti tutù, ó sì dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Kò bá ọkọ̀ lọ. Ó fọ abọ́ ní Tọ́sìdeè, ó fọ abọ́ ní Fúráìdeè. Àwọn olùtọ́jú yòókù ń kí i wẹ́rẹ́, wọ́n ń kọjá. Brent wọlé wá bu omi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ọpẹ́ ni pé o sọ ọ́. Ó jáde. Ó dun Lorna dé ọkàn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹni tó bá gba Jésù ṣì lè sunkún nítorí ọkùnrin.

Ní Fúráìdeè, nígbà tí wọ́n ń pín màkàróònì, àwo kan yọ lójú fèrèsé ilé ìdáná, ọwọ́ kékeré ló dì í mú.

“Mísì Lorna, ẹ fi kún un. Èyí tẹ́ ẹ bù yìí, ti ológbò ni.”

Lorna fi kún un. Keyonna wo inú àwo náà dáadáa, ó mi orí, ó lọ. Ìyẹn nìkan ni. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí bọ́ọ̀sì ń jáde, ọmọ náà ń bá ọmọ mìíràn jà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò rántí juwọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́ á bi mí pé Brent ńkọ́. Brent fẹ́ ọmọbìnrin kan láti Grand Rapids ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Lorna bá wọn to àga níbi ìgbéyàwó náà. Inú yàrá kan lókè ilé ìtajà òdòdó ló ń gbé báyìí, òun nìkan, ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn. Lálẹ́, ó máa ń sọ bí ọjọ́ ṣe lọ fún Ẹnìkan kó tó sùn. Mo ti bi í rí bóyá ó ṣì ń dá wà. Ó ní ó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní àmọ́ ó ti pẹ́ tí ilé òun kò ṣófo.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́?

Bóyá o kò pa irú irọ́ yẹn rí. Bóyá orúkọ rẹ wà nínú ìwé ìjọ, tí o sì ń jókòó síbi kan náà lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Lorna náà jókòó. Sọ́ńdè bí ẹgbẹ̀rún kan ló lò nínú ilé Ọlọ́run láìpàdé Rẹ̀. Ọjọ́rú ni Ó rí i, lórí àtẹ̀gùn tí wọ́n ń da omi ìdọ̀tí sí.

Tàbí ìwọ ni ẹni kejì. Wọ́n ti dá ọ padà rí. Ọkọ dá ọ padà, ọ̀rẹ́ dá ọ padà, ìwọ náà wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ kí o má baà kó wàhálà bá ẹnikẹ́ni. O rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àyè rẹ ṣófo. Gbọ́ mi: Jésù kò dúró ní etí omi kó máa pè. Ó wọ inú rẹ̀. Ó rìn dé ibi tó jìn jù, omi bo orí Rẹ̀ mọ́lẹ̀, Ó kú níbẹ̀ nítorí rẹ, ọjọ́ kẹta ló sì jí dìde.

Má ṣe sọ pé ó di Sọ́ńdè. Má ṣe sọ pé ó di ìgbà tí o bá ti tún ayé rẹ ṣe díẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́ bí ẹni bẹ arábìnrin rẹ̀. O kò ní ìtàn kankan láti mú wá? Kò béèrè ìtàn lọ́wọ́ rẹ. Jẹ́wọ́ ohun tí o ṣe, kí o má fi ọ̀kan pamọ́, kí o sì gbà Á ní Olúwa, níbi tí o jókòó sí yìí, kí o tó dìde.

Bí o kò bá mọ ọ̀rọ̀ tí o máa fi bẹ̀rẹ̀, dárúkọ ara rẹ fún Un. Ó ti pẹ́ tó ti ń béèrè rẹ.